Iṣan Orúnkún Ajá Tó Já: Iṣẹ́ Abẹ Ni, àbí Ìtọ́jú Láìlo Ọ̀bẹ?

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu bóyá ajá tí iṣan orúnkún rẹ̀ já nílò iṣẹ́ abẹ: bí ara rẹ̀ ṣe wúwo tó, bóyá tìmùtìmù inú orúnkún náà ti ya, àti bóyá àwọn ará ilé lè dá ajá náà dúró sójú kan fún oṣù méjì gbáko. Ọjọ́ orí, irú ajá àti owó ní ọ̀rọ̀ tiwọn láti sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n ń tò sí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń béèrè pé, "Ṣé ká ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ni, àbí ká kúkú fi í sílẹ̀ kó jinná fúnra rẹ̀?" Fífi í sílẹ̀ kò sí lára ọ̀nà méjèèjì tí à ń fi wéra níbí. Ìtọ́jú láìlo ọ̀bẹ ní ìlànà tirẹ̀: ó ní iye ìṣẹ́jú tí ajá gbọ́dọ̀ rìn lójúmọ́, ó ní ìwọ̀n oúnjẹ, ó ní ọjọ́ àyẹ̀wò. Ajá tí wọ́n kàn ń wò níran àti ajá tí wọ́n ń tọ́jú láìlo ọ̀bẹ kì í ṣe ọ̀kan náà, ibi tí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ náà já kò sì jọra.

Ẹ má kánjú, ẹ má sì fi falẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì tó gbọ́dọ̀ parí lónìí. Ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta láti ṣàyẹ̀wò kí ẹ sì ronú kò ba nǹkan jẹ́, bí ajá bá ṣáà ti ń sinmi, tí dókítà sì ti fún un ní oògùn ìrora. Oṣù mẹ́ta láìṣe nǹkan kan ló ń ba nǹkan jẹ́, nítorí ẹran itan á ti gbẹ, orúnkún á sì ti máa lọ ara rẹ̀.

Ohun tó já gan-an

Nínú orúnkún ajá, iṣan líle méjì ló gba ara wọn kọjá láàárín egungun itan àti egungun ojúgun. Ti iwájú, tí àwọn dókítà ń pè ní cranial cruciate ligament, ni kì í jẹ́ kí ojúgun yọ síwájú lábẹ́ itan nígbà tí ajá bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Òun náà ni kì í jẹ́ kí ojúgun yí sínú jù, tí kì í sì í jẹ́ kí orúnkún nà kọjá ibi tó yẹ.

Orí egungun ojúgun ajá kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó dà gẹ̀rẹ́ sẹ́yìn, ní nǹkan bíi dígírì 23 sí 25 lára ọ̀pọ̀ ajá. Nígbàkigbà tí ajá bá gbé ara lé ẹsẹ̀, itan á fẹ́ yọ̀ sẹ́yìn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà bí ẹrù tí wọ́n gbé sórí pátákó tó dà, ojúgun á sì fẹ́ yọ síwájú. Iṣan yìí ló ń dì í mú. Bó bá já, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni egungun méjèèjì ń yọ̀ lórí ara wọn, èyí ló sì ń fa ìrora àti wíwú.

Iṣan agbábọ́ọ̀lù lè já lójijì bó bá yí ẹsẹ̀ padà lójú eré. Ti ajá kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Fọ́nrán fọ́nrán ni iṣan náà ń gbó fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí tí fífò kékeré láti orí àga á fi parí ohun tó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Ìdí nìyí tí X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ fi sábà máa ń fi làkúrègbé hàn nínú orúnkún tí ẹ rò pé àná ló bàjẹ́. Ìdí nìyí náà tí orúnkún kejì fi wà nínú ewu: nínú ajá ọgọ́rùn-ún tí ti ẹ̀gbẹ́ kan bá já, ti ẹ̀gbẹ́ kejì á já lára nǹkan bíi 30 sí 60, ọ̀pọ̀ wọn láàárín ọdún kan sí méjì. Bí ẹ bá ń ṣírò owó àti agbára tí ẹ ní, ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹni tó lè tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ jẹ́ kó dájú kí ẹ tó yan ohunkóhun

Ajá tí iṣan yìí já pátápátá sábà máa ń fi orí ìka ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ nìkan nígbà tó bá dúró. Bó bá jókòó, kì í ká ẹsẹ̀ náà sábẹ́ ara. Á nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ti pẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí i pé itan ẹ̀gbẹ́ yẹn ti rù ju èkejì lọ, bí ẹ bá sì fọwọ́ kan inú orúnkún, ní ìhà tó kọjú sí ẹsẹ̀ kejì, ẹ ó bá ibi líle tó wú síta, tí kò sí lára ẹsẹ̀ tó dáa. Ti èyí tó ya díẹ̀ máa ń rúni lójú: ajá á tiro bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, á rìn dáadáa lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á tún máa tiro lálẹ́ lẹ́yìn eré.

Àyẹ̀wò ọwọ́ ló ń sọ òótọ́. Dókítà á fi ẹ̀gbẹ́ ajá lélẹ̀, á fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ egungun itan mú gírígírí, á fi èkejì di orí ojúgun mú, á wá rọra ti ojúgun síwájú láìjẹ́ kó yí. Bí ojúgun bá yọ síwájú bíi dúrọ́ọ̀ tábìlì, iṣan ti já. Ẹ béèrè pé kó ṣe é lọ́nà méjì: orúnkún nínà àti orúnkún kíká. Iṣan tó ya díẹ̀ lè le gbagidi bí orúnkún bá nà, kó sì yọ̀ nígbà tí wọ́n bá ká a. Ajá tó ń bẹ̀rù á ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé kò ní yọ̀ rárá, nítorí náà àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe láìfún ajá ńlá tó ki ara ní abẹ́rẹ́ oorun díẹ̀, tí wọ́n wá ní "kò sí nǹkan kan," kò tíì tó láti gbára lé.

X-ray kì í fi iṣan fúnra rẹ̀ hàn. Ohun tó ń fi hàn ni omi tó kún inú oríkèé, ẹ̀gún egungun kéékèèké tó ń hù létí rẹ̀, àti bí orí ojúgun ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó. Ó sì ń ṣe iṣẹ́ kan tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò: ó ń yọ àwọn àìsàn mìíràn kúrò. Jẹjẹrẹ egungun máa ń mú ajá ńlá nítòsí orúnkún, títiro rẹ̀ sì lè jọ ti iṣan tó já. Lára ajá kékeré, egungun kékeré tó bo iwájú orúnkún lè máa yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú iṣan tó já. Ìbàdí tó yẹ̀ náà lè fa títiro. Ẹ má fọwọ́ sí ìtọ́jú oṣù méjì lórí orúnkún tí wọn ò yàwòrán rẹ̀.

Ìwọ̀n ara: ibi tí ìfiwéra náà ti kọ́kọ́ pín

Ní 1984, dókítà ẹranko kan ní Amẹ́ríkà, P. B. Vasseur, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ajá 85 tí wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Nínú 28 tí kò ju kílò 15 lọ, 24 ni ẹsẹ̀ wọn sàn tàbí tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú 57 tó ju kílò 15 lọ, 11 péré ni. Láti ìgbà náà ni kílò 15 ti di ààlà tí àwọn dókítà ń lò. Ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀: lẹ́yìn tí iṣan bá já, ara á máa hun àpá líle yí oríkèé ká. Àpá yẹn tó láti di orúnkún ajá kékeré mú. Lára ajá tó wúwo tó kílò 35, ó máa ń fà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ka ìwádìí yẹn láìka ti 2013. Nínú ìyẹn, ajá 40 tó sanra jù ni wọ́n lò, gbogbo wọn ju kílò 20 lọ. Gbogbo wọn ni wọ́n dín oúnjẹ wọn kù, tí wọ́n fún ní oògùn ìrora, tí wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá ìwòsàn fún. Apá kan tún gba iṣẹ́ abẹ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bíi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ni wọ́n kà sí pé ó kẹ́sẹ járí, tí ti àwọn yòókù sì jẹ́ nǹkan bíi 64. Iṣẹ́ abẹ ṣì borí, ẹsẹ̀ àwọn ajá tó gbà á sì gbé ìwọ̀n tó pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀, láti 11 nínú 57 dé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré. Àwùjọ ajá méjèèjì yẹn kò rí ọ̀bẹ. Lójú tiwa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jíjò ara àti eré ìdárayá tí wọ́n ń ṣe déédéé ló mú ìyàtọ̀ yẹn wá.

Nítorí náà, èrò tiwa rèé. Ajá tí kò tó kílò 15, tí tìmùtìmù orúnkún rẹ̀ kò ya: ẹ fún ìtọ́jú láìlo ọ̀bẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó péye kẹ́ ẹ tó ronú kan ọ̀bẹ. Ajá tó ju kílò 20 lọ, tí iṣan rẹ̀ já pátápátá, tó sì jẹ́ ọmọdé tàbí ajá tí kì í jókòó sójú kan: iṣẹ́ abẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Láàárín kílò 15 sí 20, ohun tí a máa sọ nísàlẹ̀ yìí ló máa yanjú ẹ̀.

Tìmùtìmù inú orúnkún: ohun tó lè yí gbogbo ìpinnu padà

Láàárín itan àti ojúgun, egungun rírọ̀ méjì tó rí bí òṣùpá ilà ló ń gba ìwọ̀n ara dúró. Meniscus ni àwọn dókítà ń pè é. Èyí tó wà ní ìhà inú kò lè sá, nítorí ó lẹ̀ mọ́ ojúgun ṣinṣin. Nígbà tí ojúgun bá ń yọ síwájú, itan á máa gún un mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣí orúnkún tí iṣan rẹ̀ ti já pátápátá, nǹkan bí ìlàjì ni wọ́n ń bá tìmùtìmù náà ní yíya.

Etí rẹ̀ nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ń dé. Ibi tó ya láàárín kì í jinná, oògùn kì í dí i, ìsinmi kì í so ó pọ̀. Abala tó ya lè ká sókè bí ajá ṣe ń rìn, kí ẹ sì gbọ́ "ká" nínú orúnkún. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá yín nínú yàrá tó parọ́rọ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo orúnkún náà nígbà tó bá ń dìde: ọwọ́ máa ń mọ̀ ọ́n kí etí tó gbọ́. Àìgbọ́ ohùn yìí kò sọ pé kò ya. Gbígbọ́ rẹ̀ ló ṣeé gbára lé.

Àmì kejì ni ajá tí ara rẹ̀ ti ń yá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tó wá ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ pátá láìṣubú, láìfò. Lójú tiwa, bí ọ̀kan nínú àmì méjèèjì bá wà, ìbéèrè bóyá kí ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ ti yanjú, kódà fún ajá kílò mẹ́fà, àyàfi bí àìsàn mìíràn bá sọ oògùn oorun di ewu. Wọ́n á gé abala tó ya kúrò, ìrora á sì fúyẹ́ lọ́nà tí oògùn kò lè fún un.

Ọ̀nà méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Láìlo ọ̀bẹ | Iṣẹ́ abẹ |
|---|---|---|
| Ajá tó bá mu jù | Tí kò tó kílò 15, tó fara balẹ̀, tàbí tí àìsàn kò jẹ́ kó lè gba oògùn oorun | Tó ju kílò 20 lọ, tó ń sáré, tàbí tí tìmùtìmù rẹ̀ ti ya |
| Dídá a dúró sójú kan | Ọ̀sẹ̀ 8, nígbà mìíràn 12 | Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 |
| Ẹsẹ̀ á máa tẹlẹ̀ | Díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 8 | Lẹ́yìn TPLO (iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ń gé orí ojúgun, a ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀), ọ̀pọ̀ ajá láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ 2 |
| Ohun tó ń bàjẹ́ jù | Tìmùtìmù á ya lẹ́yìn. Itan á gbẹ | Kòkòrò àìsàn lójú abẹ. Irin tàbí okùn á tú |
| Làkúrègbé | Á máa pọ̀ sí i | Á ṣì máa pọ̀ sí i, ó sábà ń lọ́ra jù |

Ẹ wo ìlà kejì dáadáa. Ẹni tó sọ pé òun kò lè ti ajá mọ́ fún oṣù méjì, pé nítorí ìyẹn lòun ṣe yan iṣẹ́ abẹ, kò tíì mọ ohun tó yàn. Ajá tó fò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè fọ́ egungun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, kó sì fa sukúrúù tu. Ìyẹn burú ju ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá yan ìtọ́jú láìlo ọ̀bẹ

Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2: okùn lọ́rùn ní gbogbo ìgbà tó bá jáde, ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́, kó tọ̀ kó sì ya ìgbẹ́, kó padà wọlé. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ fi yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé sórí orúnkún fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn, kò gbọdọ̀ fò sórí ibùsùn. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí rọ́ọ̀gì tí kì í sún sí ibi tí ilẹ̀ bá ń yọ̀. Ẹsẹ̀ tó yọ̀ lẹ́ẹ̀kan lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́. Bí ẹ kò bá sí nílé, inú àgò tàbí yàrá kékeré ni kó wà.

Ọ̀sẹ̀ 3 àti 4, ìṣẹ́jú 10; ọ̀sẹ̀ 5 àti 6, ìṣẹ́jú 15; ọ̀sẹ̀ 7 àti 8, ìṣẹ́jú 20, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ẹ rọra rìn. Bí ẹ bá yára, ajá á máa ta ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹsẹ̀ tó ń ṣàìsàn á wà lókè. Bí ẹ bá rìn jẹ́jẹ́, yóò máa gbé e kalẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn gan-an ló ń dá ẹran itan padà. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ jẹ́ kó máa jókòó kó sì dìde nígbà márùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ẹsẹ̀ tó ń ṣàìsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kó má bàa nà án síta. Bí títiro bá pọ̀ sí i lọ́jọ́ kejì, ẹ padà sí ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ti ń bàjẹ́. Oògùn ti mú ìrora kúrò, ajá ti ń ju ìrù, ẹni tó ni ín rò pé ó ti jinná, ó tú okùn. Àpá inú orúnkún kò tíì le nígbà yẹn. Ìrora tó lọ kò túmọ̀ sí pé orúnkún ti dúró.

Oúnjẹ wá. Bí ẹ bá fọwọ́ pa ìhà ajá tí ẹ kò bá lè ka egungun ìhà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, ó sanra jù. Ìṣirò tí àwọn dókítà ń lò fún àdínkù oúnjẹ ni èyí: ẹ mú ìwọ̀n kílò tó yẹ kó wà, ká ní 30, ẹ fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ nígbà mẹ́ta (30 × 30 × 30 = 27,000), ẹ wá gbòǹgbò onílọ́po-méjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì (nǹkan bíi 12.8), ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 70. Fún ajá kílò 38 tó yẹ kó jẹ́ 30, ìyẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 kálórì lóòjọ́, pẹ̀lú ìpápánu tí kò gbọdọ̀ ju 90 lọ nínú rẹ̀. Kó máa jò ní ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ́sẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 400 sí 750 fún irú ajá yìí. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn oúnjẹ náà. Ife tí wọ́n ń fojú díwọ̀n máa ń purọ́. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àpilẹ̀kọ yìí, èyí ni kò ní ewu kankan, tó sì ń ran ajá lọ́wọ́ lọ́nà méjèèjì, pẹ̀lú orúnkún kejì tí kò tíì já.

Oògùn ìrora tí wọ́n ṣe fún ajá, bíi carprofen tàbí meloxicam, dókítà ló máa wọn ọ́n ní ìbámu pẹ̀lú kílò ara rẹ̀. Ẹ má fún un ní ibuprofen tàbí diclofenac tí èèyàn ń lò: ó lè dá egbò sí ikùn ajá, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹ má da oògùn ìrora méjì irú kan náà pọ̀, ẹ má sì fi steroid lé e. Bí ajá bá ń bì, tó kọ oúnjẹ, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ẹ dá oògùn dúró kí ẹ sì pe dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Àwọn kan máa ń ra ìdè orúnkún. Èyí tí wọ́n wọn ẹsẹ̀ ajá kí wọ́n tó ṣe é lè ran ajá tí kò lè gba iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́. Kì í dá iṣan padà, ó sì sábà máa ń bó awọ ara; ẹ tú u lálẹ́, ẹ sì wo abẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tó jẹ́ aṣọ rírọ̀ lásán kò lè dá egungun tó ń yọ̀ dúró.

Bí ẹ bá yan iṣẹ́ abẹ: èwo nínú wọn?

Ọ̀nà àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ dókítà ṣì mọ̀ ni ti okùn ẹ̀gbẹ́. Wọ́n á fi ọ̀rá nylon tó nípọn yí egungun kékeré kan lẹ́yìn itan ká, wọ́n á gbà á kọjá inú ihò tí wọ́n lu sí iwájú ojúgun, wọ́n á sì fi irin kékeré dì í pọ̀. Okùn náà kò ní pẹ́ láyé, kò sì nílò láti pẹ́: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di orúnkún mú títí àpá á fi le. Fún ajá kékeré, ó dára púpọ̀. Fún ajá kílò 40, okùn máa ń nà tàbí kó já kí àpá tó ṣetán.

TPLO gba ọ̀nà mìíràn. Barclay Slocum ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1993, èrò rẹ̀ sì ni pé kàkà kí a wá okùn mìíràn dípò iṣan, ká tẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Wọ́n á fi ayùn tó tẹ̀ gé orí ojúgun, wọ́n á yí i títí yóò fi ku nǹkan bíi dígírì 5, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ àti sukúrúù kàn án mọ́ àyè. Iṣan kò padà wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe ti dín kù gan-an. Nínú ìwádìí kan ní 2013 tó fi ọ̀nà méjèèjì wéra, ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó ni ajá TPLO ni inú wọn dùn gidi lẹ́yìn ọdún kan, ti okùn ẹ̀gbẹ́ sì jẹ́ 75. Fún ajá ńlá, òun ni a máa ń dábàá. Ajá kékeré kan náà wà tí yóò dára fún: èyí tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ ju dígírì 30 lọ, bí a ṣe máa ń rí i lára àwọn ajá Terrier kéékèèké kan.

TTA náà ń gé egungun, ó ń ti iwájú ojúgun síta kí agbára tó ń fa orúnkún lè yí padà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tìmùtìmù tó ń ya lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti TPLO lọ.

Ọwọ́ tó ń ṣe é ṣe pàtàkì ju orúkọ ọ̀nà náà lọ. Okùn ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́ dókítà tó ti ṣe ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sàn ju TPLO lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ. Ẹ béèrè mélòó ló ń ṣe lóṣù, bóyá yóò wo tìmùtìmù nígbà iṣẹ́ abẹ, bóyá yóò yàwòrán orúnkún ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, àti ta ló máa ń gbé ìnáwó bí irin bá gba kòkòrò.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kóònù, ìbòrùn fífẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ajá lá ojú abẹ, gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn ajá tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ 10 sí 14. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n bọ́ ọ "kó lè sinmi" tó fún ahọ́n láti ṣí ojú abẹ. Láàárín ọjọ́ kejì sí karùn-ún, omi á máa ṣàn wálẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀, á sì wú níbẹ̀. Kò burú, á lọ. Ohun tó burú ni ojú abẹ tó ń gbóná, tó ń ṣe omi, tàbí ajá tó ti ń tẹ ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dáwọ́ rẹ̀ dúró. Kòkòrò lè sá pamọ́ sábẹ́ irin fún oṣù díẹ̀ kó tó yọjú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, oògùn nìkan kì í sábà tó, wọ́n á yọ irin náà lẹ́yìn tí egungun bá ti jinná. Ìlànà ìrìn tí a kọ sókè bá a mu níbí náà, àmọ́ kí ẹ tó jẹ́ kó sáré, kí X-ray ọ̀sẹ̀ kẹjọ ti fi hàn pé egungun ti so.

Ajá àgbàlagbà, àti orúnkún méjèèjì

Ọjọ́ orí nìkan kò tó ìdí láti kọ iṣẹ́ abẹ. Ajá ọdún mọ́kànlá tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ dára lè gba oògùn oorun. Àìsàn ọkàn, kíndìnrín tó ń kú lọ tàbí jẹjẹrẹ ló yẹ kó dá yín dúró. Bí orúnkún méjèèjì bá já lẹ́ẹ̀kan náà, ajá ńlá kò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó dáa tó lè gbára lé, ìtọ́jú láìlo ọ̀bẹ sì máa ń nira gan-an fún un. Àwọn kan tiẹ̀ ń rò pé ìbàdí tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń dùn ún, nítorí kò fi ẹsẹ̀ kan tiro, ó kàn ń lọ́ra láti dìde.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ yí ìpinnu padà

Ẹ fi okùn ìdíwọ̀n wọn itan méjèèjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ní ibì kan náà, pẹ̀lú ajá ní ìdúró, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n ní ọ̀sẹ̀ 4 àti 8. Bí itan tó ń ṣàìsàn bá ṣì ń rù ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, tàbí tí ajá kò lè rìn ìṣẹ́jú 20 láìtiro láìlo oògùn, ìtọ́jú láìlo ọ̀bẹ kò ṣiṣẹ́ fún un. Ẹ padà lọ bá dókítà oníṣẹ́ abẹ. Ìdádúró ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí ẹ lò dáadáa kò ba iṣẹ́ abẹ tó ń bọ̀ jẹ́, nítorí ajá á ti fúyẹ́ sí i. Bí ẹ bá sì gbọ́ "ká" yẹn nínú orúnkún kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó pé, ẹ má dúró dè é.